Dírẹ́bà Tí O Ní Kó Má Ru Ju Agbára Rẹ̀ Lọ

Wagdi ọmọ mi, àkọ́bí Inshirah ìyá rẹ,

Àlàáfíà fún ọ ní Káírò níbẹ̀, àti fún gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé ilé alájà yẹn. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn, kò ní jẹ́ kí ìlú ńlá gba ilé lọ́kàn rẹ. Ewúrẹ́ wa ti bímọ. Fóònù mi jóná, inú rẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ wà, ìyẹn ni mo fi ń kọ̀wé. Má tíì fòyà, jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ.

Iná elésè àlùkò tí o fi ránṣẹ́ fún àwọn èéhù tòmátì wa, mo so ó sí yàrá ìkẹ́rù bí o ṣe wí. Ṣùgbọ́n àwọn èéhù náà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n rí bí ẹni tí ibà ń ṣe, ni mo bá ra iná sí i lọ́jà, mo so gbogbo rẹ̀ mọ́ àpótí irin kékeré tó ń fún wọn lágbára, mo sì yí síkúrù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí kò fi yí mọ́. Háà, ìmọ́lẹ̀! Àpótí náà gbóná débi pé ìyá rẹ ń yan búrẹ́dì lórí rẹ̀, ó ní Wagdi ti ra ààrò fún òun. A rẹ́rìn-ín títí.

Má rò pé mo gbàgbé ìkìlọ̀ rẹ o. O pè, o ní kí n má jẹ́ kí dírẹ́bà ru ju agbára rẹ̀ lọ, pé tó bá ti ń gbóná, kí n jẹ́ kó sinmi. Àwọn ará ibí ò mọ ohun tó ń jẹ́ dírẹ́bà, ṣùgbọ́n èmi tí mo da ràkúnmí fún àwọn òyìnbó ní Gíza nígbà èwe mi, mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pe awakọ̀ nìyẹn. Mo bá dín ẹrù kù fún Usta Zaghlul, awakọ̀ tó ń kó èéhù wa lọ sọ́jà. Tí inú bá ń bí i, mo ń bu omi ìṣápá tútù fún un. Ó ní ṣé mo fẹ́ fún òun lọ́mọ fẹ́ ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyá rẹ wọlé lọ bomi rin àwọn èéhù. Mo gbọ́ pàù! Àpótí yẹn ti gbiná, ọ̀rá tí a fi bo ògiri gbà á, èéfín dúdú kún yàrá. Èmi ni mo wọ́ ìyá rẹ jáde. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, Wagdi, n kò lè kọ ọ́.

Zaghlul gbé wa lọ sílé ìwòsàn, ó ń sáré bí ẹni tí ogun ń lé. Ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn bò ó. Mo ní dírẹ́bà ti gbóná nìyí. Mo ní kó dúró lábẹ́ ọ̀pẹ kó mí díẹ̀. Ó ní ṣé orí mi pé. Mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, mo di ìdarí ọkọ̀ mú, mo ní ọmọ mi tó kàwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró. Ìyá rẹ ń wúkọ́.

Dókítà ní èéfín ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó bi mí pé kí ló dá wa dúró lọ́nà. Mo ṣàlàyé. Lánàá ni ẹni tó ń tún iná ṣe gbé àpótí tó jó náà wá, ó ní Bàbá Wagdi, dírẹ́bà yín nìyí, ẹ di ẹrù pa á. Mo gbé e lé itan. Kò ní ẹnu tí ìbá fi sọ pé ó rẹ òun. Kí ló dé tí wọ́n fi fún irin lórúkọ ènìyàn? Ó dùn mí dé egungun.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Mú owó oògùn bọ̀, tí kò bá sì sí, ṣáà mú ara rẹ bọ̀. Ìyá rẹ kò lè sọ̀rọ̀ pẹ́, ó kàn ń béèrè bóyá o ti jẹun. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o bá a láàyè, kó sì jẹ́ kí ọmọ tìrẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ yé.

Zaghlul ló mú lẹ́tà yìí wá, ó ń dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ ọkọ̀ rẹ̀. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó sáré.

Èmi bàbá rẹ, Bayoumi