Màmá tí kì í gba ìkíni lóòró, kódà lórí fóònù

Ọ̀mù-Àrán ni a ti bí Màmá wa, Olóògbé Rúùtù Fọlákẹ́ Àríyọ̀, ní ọdún 1951, sí ìdílé Bàbá Jeremáyà Ajíbádé, àgbẹ̀ tó ń ka Bíbélì fún ìjọ, àti Màmá Lìdíà, ahunṣọ. Láti kékeré ni ohùn wọn ti mọ́ gaara. Àwọn ni bàbá wọn máa ń ní kí wọ́n ka Sáàmù nígbà àdúrà òwúrọ̀.

Ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n lọ, lẹ́yìn náà kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ní ọdún 1975, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, Olóògbé Joẹ́lì Àríyọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì jọ fi Ìlọrin ṣe ibùgbé. Èdè Yorùbá ni Màmá fi kọ́ àwọn ọmọ girama títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2010. Ní àdúgbò wa ní Tanke, ọmọ tó bá kí wọn lóòró kì í rí èsì gbà. Wọn kì í bínú. Wọn á kàn máa wo onítọ̀hún bí ẹni tó ń dúró de kẹ̀kẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dun Màmá. Kánádà ni a bí Àánúolúwapọ̀, ọmọbìnrin Kọ́lápọ̀ ọmọ wọn, sí. Bí Màmá bá pè, ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á sì gbé fóònù fún bàbá rẹ̀ kó wá ṣe ògbufọ̀.

Wọ́n sọ fún Ummu Salamah, aládùúgbò wa, pé, "Bí mo bá kú báyìí, ọmọ ọmọ mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi rí."

Ummu Salamah ní, "Ẹ fi ikú sílẹ̀ ná, Màmá. Ẹ gbé fóònù yín wá."

Òun ló kọ́ wọn bí a ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù. Láràárọ̀ ni Màmá ń fi ìkíni àti àlọ́ ránṣẹ́ sí Kánádà. Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé pa ní ọdún 2020, àwọn òbí mìíràn lókè òkun bẹ̀ wọ́n, Màmá sì dá kíláàsì orí fídíò sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí àwọn ọmọ kí àwọn bó ṣe yẹ. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Lójú kan náà, àga òfìfo nìkan ló kù lójú fóònù. Màmá rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gbé wọn lọ, wọ́n sì pa ìpè náà.

Kò pẹ́ tí Kọ́lápọ̀ fi pè. "Màámi, àwọn ọmọ ṣì wà nílẹ̀ o. Wọ́n ní ẹ ò tíì ní kí àwọn dìde."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin: kí a kọ́kọ́ gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí a tó kí àgbà. Òbí tó bá kọjá lẹ́yìn ọmọ náà gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́run tòótọ́ ni Màmá. Wọ́n ṣe olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ Bíbélì títí àìsàn fi dá wọn dúró.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Kọ́lápọ̀ wá sílé, ó jókòó ti ibùsùn wọn nílé ìwòsàn. Àánúolúwapọ̀ pè. Kọ́lápọ̀ na ọwọ́ láti gba fóònù, bí ìṣe rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ò fi sílẹ̀. Ọmọ náà ti gbé tirẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ sì hàn kedere.

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ara ń le díẹ̀díẹ̀?"

"Àbẹ̀kẹ́ mi, mo gbọ́ ọ. Dìde."

"Rárá, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n ṣì wà níbí."

Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ pẹ́. Kọ́lápọ̀ lọ dúró lójú fèrèsé. Kò sí ẹni tó pè é kó wá ṣe ògbufọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá sùn nínú Olúwa.

Wọ́n fi ọmọ sáyé lọ: Kọ́lápọ̀ àti Olúwaṣeun; ìyàwó ọmọ; Àánúolúwapọ̀ àti àwọn ọmọ ọmọ mìíràn; àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri ayé.

Màmá, ẹ ti kúrò lójú wa bí àwọn ọmọ ọjọ́ Sátidé yẹn. A ò ní rò pé ẹ ti lọ tán. A mọ̀ pé ẹ wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Ẹni tó tọ́ sí. Ẹ sùn re, ìyá wa, títí Olúwa yóò fi ní kí ẹ dìde.