Wọn Ò Wá Pín Ilẹ̀

Huntstown, Dublin, 2004

Màmá mi,

Mo kí yín, mo kí Bọ̀dá Nosiru àti gbogbo ará ilé. Àlàáfíà la wà, òtútù nìkan ni ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Àlejò dé láti Amẹ́ríkà bá Màmá Brennan, aládùúgbò wa. Àgbẹ̀ Kátólíìkì kan láti ìdílé Màmá ni bàbá ńlá àwọn àlejò náà. Ìyàn ló lé e lọ dáko lọ́hùn-ún, ó lé ní àádọ́jọ ọdún sẹ́yìn. Nígbà tó ń lọ, ó ní òun á tètè dé. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí.

Mo fa Màmá Brennan sí kọ̀rọ̀: “Ẹ tètè gbé ìwé ilẹ̀ yín pamọ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní fọ́tò sàréè àwọn bàbá ńlá wọn lásán ni àwọn àlejò náà wá yà.

Màmá, mo gbọ́ pé Bọ̀dá Nosiru ń wá ẹni tó máa ra pulọ́ọ̀tì mi. Ọlọ́hun á dá ẹ̀yin méjèèjì sí dè mí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé fọ́tò kọ́ ni mo ń bọ̀ wá yà.

Ọmọ yín,
Raheemat