Ẹni Kẹta Lórí Wáífáì Ilé Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí o ráyè. Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọmọ tí yóò máa pè ọ́ ní àkókò tí ó bá dá. Ara mi le. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn jò, a ti tún un ṣe. Ewúrẹ́ wa sì bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ wáífáì ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. O ní bí láptọ́ọ̀pù bá tún já ní agogo mẹ́rin ọjọ́ Àìkú tí o máa ń pè mí, o kò ní pè mọ́, pé ojú mi tó ń dì lójú ẹ̀rọ ń dẹ́rù bà ọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní pólì tí mo ti kọ́ iṣẹ́ yàrá ìwádìí, wọ́n kọ́ wa pé ohun kan ṣoṣo ni à ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ Àìkú kìíní, mo pa ẹ̀rọ wáífáì, mo ka ọgọ́ta, mo tún un tàn: ó já. Èkejì, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù nítorí o ní ibi gíga ló fẹ́, mo sì tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀ kí òtútù má baà mú un: ó já.

Mo pe alátùn-únṣe fóònù tó wà ní ìsọ̀ iwájú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, Màámà, aládùúgbò yín kan ló ń pọn dátà yín bí ẹni pọn omi kànga ọ̀fẹ́. Ó ṣí orúkọ àwọn tó wà lórí wáífáì. Mẹ́ta ni wọ́n: láptọ́ọ̀pù, fóònù mi, àti èyí tí ìwọ fúnra rẹ sọ ní Fóònù Bàbá. Mo sọ fún un pé ó wà nínú àpò aṣọ tí a fi sin bàbá rẹ, ọwọ́ mi ni mo fi fi í síbẹ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní kí n yí ọ̀rọ̀ aṣínà tí a fi ń wọ wáífáì padà, ó kó irinṣẹ́, kò gba owó iṣẹ́.

Mo yí i padà, n kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, agogo mẹ́rin géérégé, bàbá rẹ wọlé sórí wáífáì.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ̀rù kò bà mí, ọkọ mi ni. Ìwọ ni inú ń bí mi sí. Ọjọ́ Àìkú tí bàbá rẹ kú, ìwọ lo ní o máa pè wọ́n ní agogo mẹ́rin. Wọ́n wẹ̀, wọ́n dé fìlà, wọ́n gbé fóònù lé itan. Mo ní kí wọ́n wá jẹun, wọ́n ní kí n má pariwo, ọmọ àwọn fẹ́ pè. Agogo mẹ́fà ni mo gba fóònù lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ náà ti tutù.

Nítorí náà, ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Wọ́n ń tètè dé síbi àdéhùn ni, ọ̀nà náà kò sì gba ènìyàn méjì. Àtúnṣe rẹ̀ nìyí: pe nọ́ńbà wọn ná, kí o tó pè mí. Bẹ̀ wọ́n. Má fi iṣẹ́ ṣe àwáwí. Kí ọjọ́ Àìkú tó dé, fi owó dátà ránṣẹ́, ti ènìyàn méjì, kí o bù sí i, nítorí wọ́n fẹ́ràn fídíò.

Kí Ọlọ́run la ohùn rẹ, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu. Èmi ti pe nọ́ńbà náà lánàá. Wọ́n gbé e. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé èmi ni, wọ́n gé e.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.