Fáìlì Mẹ́tàdínlógójì Tí Wọ́n Ní Mo Pa Rẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Ara gbogbo wa le. Màmá ń jẹun dáadáa, wọn ò tíì kúrò nínú ilé Anoumabo tí ẹ fi wá sí. Inú ló ń bí mi. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló ń ní kí n ní sùúrù. Ẹ̀yin náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu nínú lẹ́tà.

Ẹ ò lóye iṣẹ́ mi rí. Ẹ ti sọ fún gbogbo ará Ìgbòho pé tẹlifíṣọ̀n ni mò ń tún ṣe. Kọ̀ǹpútà ni mò ń bójú tó, nílé iṣẹ́ kan ní àdúgbò Biétry tó ń pín oògùn fáwọn tó ń tà á. Lóṣù tó kọjá, mo kó ohun tó wà nínú ẹ̀rọ wa àtijọ́ sínú tuntun, títí kan àwọn fáìlì kéékèèké tó ń sọ fún ẹ̀rọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́. Nígbà tó di àárọ̀ mardi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀rọ tuntun kọ̀, kò ṣí.

Chef, ọ̀gá wa, ní kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan to orúkọ àwọn fáìlì rẹ̀, ó wá fi àṣẹ kan tó ń jẹ́ comm wo èyí tó wà níbìkan tí kò sí níbì kejì. Orúkọ mẹ́tàdínlógójì ló jáde. Kò bi mí léèrè o. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo ará ilé iṣẹ́ wa, ó sì já ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n ń pè ní demande d'explication lé mi lọ́wọ́, pé kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi pa wọ́n rẹ́. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń sọ lẹ́yìn mi pé bí àwọn Anago, ìyẹn àwa Yorùbá, ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Èmi tí wọ́n bí sí Treichville, nílùú yìí gan-an.

Ṣé ẹ rántí obìnrin tó fẹ̀sùn kàn yín ní Adjamé pé ẹ pààrọ̀ aṣọ òun? Ẹ ò pààrọ̀ nǹkan kan. Ẹ ṣí fìlà, ẹ gbé e lé orúnkún, ẹ sì bẹ̀ ẹ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò kí yín dáadáa. Mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ bẹ̀ ẹ́, Bàbá?

Ní jeudi, Ọjọ́bọ̀, mo ṣí àkọsílẹ̀ méjèèjì fúnra mi. Èdè Faransé ni ẹ̀rọ àtijọ́ fi ń to nǹkan, ó po lẹ́tà ńlá àti kékeré pọ̀. Tuntun ò ní èdè kankan, gbogbo lẹ́tà ńlá ló kọ́kọ́ ń tò. Comm kì í wá orúkọ kiri. Ńṣe ló ń bá àkọsílẹ̀ méjèèjì rìn lọ ní ìlà-ìlà, tí ètò wọn ò bá bára mu, á ní èyí tó wà níbẹ̀ ò sí. Ó tiẹ̀ kìlọ̀ fún chef pé ìkejì ò tò dáadáa. Chef ò fi ìkìlọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Mo fi àṣẹ tó ń jẹ́ sort to méjèèjì bákan náà, mo tún un ṣe. Ẹyọ kan péré ló kù. Chef fúnra rẹ̀ ló ti yí orúkọ ìyẹn padà nínú ẹ̀rọ tuntun ní lundi, ọjọ́ Ajé, ó fi ancien, ìyẹn "àtijọ́", sí ìdí rẹ̀, ó sì gbàgbé. Mo dá orúkọ rẹ̀ padà, ẹ̀rọ ṣí.

Chef rẹ́rìn-ín, ó ní kí n da ìwé ẹ̀sùn náà nù. Ẹni tí wọ́n fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn ni wọ́n tún ní kó bá wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò dà á nù. Gbogbo ẹni tó gba àkọsílẹ̀ tirẹ̀ ni mo fi tèmi ránṣẹ́ sí, pẹ̀lú ìkìlọ̀ tó fi pa mọ́. Ó ti pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ fún lundi tó ń bọ̀. Bóyá wọ́n á lé mi.

Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Láti mardi títí di jeudi, mò ń wo ọwọ́ ara mi, mò ń bi í léèrè ìgbà tó ṣe é. Mo gbà wọ́n gbọ́, Bàbá.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò pa fáìlì kankan rẹ́.