Oògùn Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Bàbá Rẹ

Ayétòrò,
Oṣù Kẹjọ, 1961.

Dáníẹ́lì, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti etí òkun. Mo gbà á ládùúrà pé kí òtútù ilẹ̀ òyìnbó má wọ inú egungun rẹ, kí lẹ́tà yìí sì bá ọ ní ìjókòó. Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó. Bàbá rẹ ti lọ.

Ikọ́ ife náà ló pa á. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ dé. Ísákì bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí ilé ẹrù ìlú, kò tilẹ̀ tú okùn rẹ̀. Mo di aṣọ rẹ̀ mú lórí afárá pákó, mo ní orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lára ẹrù náà. Ó ní, "Màríà, orúkọ ta ló wà lára ẹja tí à ń jẹ?"

O mọ ìṣe wa: ohun tó bá wọlé fún ẹnì kan, gbogbo wa ló wọlé fún. Olówòkéré tó ń ṣọ́ ilé ẹrù pín in fún gbogbo ẹni tó ń wúkọ́. Mo ka ìwé rẹ sí i létí, pé dókítà ní ẹnì kan ni kí ó lò ó tán láìdáwọ́ dúró. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Yèyé Dáníẹ́lì, ṣé ikọ́ ọkọ tìrẹ ló dùn ju ti àwọn yòókù ni?" Oògùn náà kárí. Kò wo ẹnikẹ́ni sàn. Àrìnpé ahunṣọ ló kọ́kọ́ kú, bàbá rẹ tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ rẹ dùn mọ́ bàbá rẹ nínú kó tó lọ. Mo ka ibi tí o ti ní ẹ̀rọ yín lọ́hùn-ún fún un, pé ó ń ta ohun tí ojú kò lè rí, kí ó sáré lọ kọlu òmíràn, kí ẹ lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ọmọ tí mo nà torí ó ń fi ìkarahun fọ́ ìkarahun! Òyìnbó ti wá ń sanwó rẹ̀ fún un."

Àwọn àgbà ní kí o máa bọ̀ wá ṣọ́ ẹ́ńjìnnì iná wa. Ìlú ló rán ọ níwèé, ìlú ló ni ọ́. Mo ní iṣẹ́ rẹ kọ́ nìyẹn. Wọ́n ní iná ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ mi, má wá. Ipò tí àwọn òyìnbó fi lọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ tiwọn, gbà á. Bí o bá dé, wọn yóò pín ìwọ náà kárí, o kò sì ní tó ẹnikẹ́ni.

Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú ibú máa ṣọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n nídìí iṣẹ́ rẹ.

Èmi ni yèyé tó bí ọ,
Màríà.

Àfikún: Èmi náà ti ń wúkọ́. Má fi oògùn ránṣẹ́. Bó bá dé, èmi náà yóò gbé e lọ sí ilé ẹrù.