Àwòrán Méjì Tí Wọ́n Yà fún Orí Mi

Àtàláátà, 4 Máàṣì 1975
Kókó wà nínú orí mi, lẹ́yìn etí òsì. Dókítà Abdoulie ló sọ ọ́ lónìí. Kì í ṣe oríṣi tó ń tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dàgbà, etí sì ti ń di. Mo sọ ọ́ ní Ayálégbé — ó wọlé láìkí onílé. Dókítà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àlàmísì, 6 Máàṣì
Naffie ìyàwó mi bèèrè ibi tí mo lọ. Mo ní mo lọ wá ìyàwó kékeré. Ó ní kí n tètè mú un wá, aṣọ tí yóò fọ̀ ti pọ̀. Mo wá sọ òótọ́. Kò bú mi. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí.

Àlàmísì, 20 Máàṣì
Ní ilé ìwòsàn kan ní Súwídìn, níbi tí Dókítà ti kàwé, wọn kì í la orí. Ìtànṣán ni wọ́n ń rán láti ọ̀nà púpọ̀ kó pàdé lára kókó. Wọ́n ti ya àwòrán ètò méjì ránṣẹ́, òrùka pupa yí Ayálégbé ká. Mo bèèrè èwo ló dára jù. Dókítà ní, "Bàbá, méjèèjì dára." Hùn. Bí èmi aránfìlà náà ṣe ń sọ fún oníbàárà nípa fìlà tí n kò fẹ́ kó kù sí mi lọ́rùn nìyẹn.

Jímọ̀, 21 Máàṣì
Mo ta fìlà ọmọdé fún àgbàlagbà. Ọkàn mi ò sí nílé.

Àláádì, 23 Máàṣì
Dókítà wá kí wa nílé wa ní Campama. Ọmọ ẹ̀yà Jola ni, Naffie sì jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Serer — kal ni wọ́n. Kal a máa bú kal rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bínú. Ohun tí kal bá sì bèèrè, o ò gbọdọ̀ fi dù ú.
Naffie gbé benachin, ìrẹsì àsèpọ̀, kalẹ̀. "Jola ajẹrẹsì-má-yó, ó yá, jẹun."
"Serer, ẹrú mi, ìrẹsì yìí ò tó."
"Kal rẹ ló ń bèèrè: èwo ló dára? Má fi ẹnu dókítà dá mi lóhùn o!"
Dókítà fi ṣíbí sílẹ̀. Ó tẹ́ àwòrán sórí ẹní. Òrùka àkọ́kọ́ bo gbogbo kókó, ṣùgbọ́n ó dà sórí iṣan tó ń darí ojú: ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wọ́, ẹnu lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ti èkejì ṣe rẹ́gí bíi fìlà tí wọ́n wọn orí rán. Ìtànṣán kàn fẹ́lẹ́ létí kókó níbì kan, kò sì kan iṣan ojú. "Tó bá jẹ́ bàbá mi ni, èkejì."
Naffie ní, "Ẹ fún un ní àkọ́kọ́. Kí ẹnu yẹn sinmi!"
Ẹ̀rín pa Dókítà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìborùn rẹ̀, Naffie ti di ọwọ́ mi mú gírígírí.
Èkejì la mú.

Àtìní, 14 Épírì
Ọ̀la ni ọkọ̀ òfurufú. Naffie di ata sínú àpótí mi — ó ní òyìnbó ò mọ oúnjẹ.

Àláádì, 12 Òkítóbà
Mo ti padà tipẹ́. Dókítà ní bí iṣan ojú yóò bá bàjẹ́, àsìkò yìí ni yóò hàn. Ayálégbé ò dàgbà mọ́. Etí òsì ti kú pátápátá — ìjà Naffie ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wọlé, ọpẹ́ ni. Ó ku ojú. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Ramatoulie aládùúgbò wa ń kọjá, mo ṣẹ́ ojú òsì sí i: ó dé, ó sì là dáadáa.
Bàtà Naffie bà mí lẹ́yìn.
Àwòrán kejì dára.