Àwo Iyọ̀ Bàbà

Ọjọ́ Ajé, 7 Ẹrẹ́nà 2016
Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù. Bí mi ò bá fi iṣẹ́ ìwádìí mi sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, wọ́n á yọ orúkọ mi kúrò ní yunifásítì. Ọdún kẹfà rèé. Schiff base, èròjà tí mo fọwọ́ ara mi sè láti fi pa kòkòrò àrùn — mo ti so ó mọ́ níkẹ́lì, mo ti so ó mọ́ kóbáltì. Àwọ̀ wọn dára láti wò. Kòkòrò àrùn ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan bu nǹkan lé àwọn lórí. Gbogbo àwo tí mo gbìn wọ́n sí ló kún bámú.

Ọjọ́rú, 9
Ó ku Aláwọ̀-Ewé nìkan, èyí tí mo so mọ́ bàbà. Iná ò sí láti àárọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Ó pa wọ́n. Ó pa wọ́n. Òrùka mímọ́ yí Aláwọ̀-Ewé ká, mílímítà méjìdínlógún, kòkòrò kan ò hù níbẹ̀. Saeed tó ń tọ́jú lábù bá mi wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó ní "Kai." Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì dé Nyanya. Mo pe Màámi ní Kàbà.

Ọjọ́ Àìkú, 13
Màámi ti bá mi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní gbogbo ìjọ ló dìde.

Ọjọ́ Ajé, 14
Ọ̀gá Ẹ̀rí — Dókítà Akínọlá, alábòójútó mi, tí kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìbéèrè "Ẹ̀rí dà?" — yẹ ìwé mi wò. Wọ́n béèrè àwo iyọ̀ bàbà lásán, èyí tí kò ní èròjà mi nínú. Mi ò ṣe é. Bàbà fúnra rẹ̀ lè pa kòkòrò, ọmọ ọdún kìíní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkánjú ló fọ́ mi lójú. Wọ́n ní kí n lọ ṣe é kí àwọn tó buwọ́ lùwé.

Ọjọ́bọ̀, 17
Méjìdínlógún.
Iyọ̀ bàbà inú ìgò, tí a rà lọ́jà — méjìdínlógún. Mo wọn ọ́n nígbà márùn-ún. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́fà sè ò fi nǹkan kan kún un. Ayé sú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 18
Saeed rí ojú mi, ó kí mi pẹ̀lẹ́, ó ní sànnu. Ó ní àwa méjì péré la rí àwo náà, àti pé òun fẹ́ se àwọn àwo àtijọ́ lónìí, kí kòkòrò inú wọn lè kú. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ronú kan gbogbo ìjọ tó dìde. Èmi fúnra mi ni mo gbé àwo iyọ̀ bàbà náà sínú ìkòkò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22
Mo kọ "òfo" síwájú iyọ̀ bàbà, bíi pé kò pa kòkòrò kankan. Ó rọ̀ mí lọ́rùn, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ọ̀gá Ẹ̀rí kà á. Mo ti múra irọ́ sílẹ̀ de ìbéèrè wọn: wọ́n ti ṣèèṣì se àwo náà mọ́ àwọn yòókù, sà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n ní, "Iredélé, mi ò ní béèrè ẹ̀rí. Látọdún mẹ́fà, o ò purọ́ fún mi rí."
Wọ́n buwọ́ lù ú.